Ẹ̀rín Sárà nínú Bíbélì Yorùbá àti ti Faransé

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan nínú oṣù Kejìlá tó kọjá, ní ìjọ kan ní ìgbèríko Adja-Ouèrè, a gbọ́ ìtàn ìbí Ísáákì lẹ́ẹ̀mejì ní àárọ̀ kan náà. Wọ́n kọ́kọ́ kà á ní Yorùbá láti inú Bíbélì àtijọ́. Lẹ́yìn náà ni ọ̀dọ́mọbìnrin kan kà á ní Faransé láti inú Bíbélì Louis Segond, nítorí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ àti àwọn àlejò tó ti Porto-Novo wá. Gbogbo rẹ̀ ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ títí a fi dé Jẹ́nẹ́sísì orí 21, ẹsẹ 6, níbi tí Sárà ti sọ̀rọ̀ lẹ́yìn tó bímọ tán. Sárà ti Yorùbá ní àwọn tó bá gbọ́ yóò bá òun rẹ́rìn-ín. Sárà ti Faransé ní wọn yóò rín òun ni.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kíyè sí i. Ṣùgbọ́n ìyá kan tó jókòó lórí àga kan náà pẹ̀lú wa, tí irun orí rẹ̀ ti ń funfun, tó sì gbé ọmọ ọlọ́dún méjì lẹ́sẹ̀, ọmọ tirẹ̀, yíjú sí wa, ó bèèrè jẹ́jẹ́ pé: «Olùkọ́, èwo ni ká gbà nínú méjèèjì?» A kò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà. Ohun tí a kọ síhìn-ín ni ohun tí a bá padà láti inú ìwé, àti ìdájọ́ wa lórí iṣẹ́ àwọn tó túmọ̀ rẹ̀ fún wa.

Ní èdè Hébérù, gbogbo ìjà náà wà lórí ọ̀rọ̀ kékeré kan, «lî». Ó lè jẹ́ «fún mi», ó lè jẹ́ «sí mi», ó sì lè jẹ́ «nípa mi». Hébérù fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìṣe àlàyé kankan. Èdè tiwa kò gbà kí ènìyàn fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá wa rẹ́rìn-ín jẹ́ ọ̀rẹ́, ẹni tó rín wa jẹ́ ọ̀tá. Gẹ́gẹ́ bí ó ti rí pẹ̀lú «bá mi yọ̀» àti «yọ̀ mí». Gbogbo wa la máa ń gbàdúrà pé kí ará ilé bá wa yọ̀, kí ọ̀tá má sì yọ̀ wá. Nítorí náà olùtumọ̀ Yorùbá gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan, kó sì jù èkejì nù. Àwọn tó ṣiṣẹ́ lábẹ́ Samuel Ajayi Crowther, tí odidi Bíbélì wọn jáde ní 1884, mú «pẹ̀lú mi», bí Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611 ti ṣe ṣáájú wọn. Segond, ọmọ Jẹ̀nẹ́fà, tó parí Májẹ̀mú Láéláé rẹ̀ ní 1874, mú «de moi». Báyìí ni ìwé méjì tó wà lórí àga kan náà ṣe ń sọ òdìkejì ara wọn fún àwọn ènìyàn kan náà, tí ẹnì kankan kò sì kìlọ̀ fún wọn.

Kí a tó dá ẹjọ́ náà, ó yẹ kí a padà sí orí 18, níbi tí Sárà ti kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ilẹ̀kùn àgọ́. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ àwọn olùtumọ̀ wa ti dára jù, ibẹ̀ náà ló sì ti kù díẹ̀ káàtó.

Ẹni tó sọ ìtàn náà lo ọ̀rọ̀ kan fún ọjọ́ orí tọkọtaya yìí, Sárà fúnra rẹ̀ lo òmíràn. Ẹni tó sọ ìtàn pè wọ́n ní «zĕqēnîm», ọ̀rọ̀ ọlọ́lá, tí a ń lò fún àwọn àgbààgbà ìlú, tó sì bá «zāqān», ìyẹn irùngbọ̀n, tan. Ṣùgbọ́n nígbà tí Sárà ń sọ̀rọ̀ nínú ara rẹ̀, kò pe ara rẹ̀ ní àgbà. Ó lo «bālāh», ọ̀rọ̀ tí a ń lò fún aṣọ. Òun ni Diutarónómì lò nígbà tó ní aṣọ àwọn ọmọ Ísírẹ́lì kò gbó lára wọn fún ogójì ọdún. Òun ni ìwé Jóṣúà lò fún àpò àti ìgò awọ tí àwọn ará Gíbéónì fi tan Jóṣúà jẹ. Sárà ń sọ pé òun ti di akísà.

Nínú gbogbo èdè tí a lè fi Bíbélì náà wé, a kò mọ èyí tó ní irinṣẹ́ tó dára ju tiwa lọ fún ọ̀rọ̀ yìí. Ènìyàn ń gbó, aṣọ ń gbó. «Kí o gbó, kí o tọ́» jẹ́ ìre, «aṣọ yìí ti gbó» sì jẹ́ ẹ̀sùn, ọ̀rọ̀ kan náà sì ni. Ìmọ̀ èdè ńlá wà lọ́wọ́ àwọn tó mú «ogbólógbó» nígbà náà, nítorí «gbó» wà nínú rẹ̀. Àmọ́ èdè kì í dúró lójú kan. Lónìí, bí a bá ka «ogbólógbó» sétí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, olè ni ọkàn wọn ń lọ sí: ogbólógbó olè, ogbólógbó ọ̀daràn. A rí i lọ́jọ́ náà bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń fi ọwọ́ bo ẹnu. Ẹ̀bi wọn kọ́. Ìwé tí a kò tún fọwọ́ kàn ló ń sọ ìyá àgbà di ìgárá. Bí a bá sọ pé «mo ti gbó bí aṣọ», ohun tí Sárà sọ gan-an la sọ, kò sì sí ọmọ Adja-Ouèrè tí kò ní lóye rẹ̀.

Lẹ́yìn «bālāh» ni «ʿednāh» dé, ọ̀rọ̀ tó le jù nínú ẹsẹ náà. Ó tan mọ́ orúkọ Édẹ́nì. Ní 1979, wọ́n hú ère kan jáde ní Tell Fekheriye ní Síríà, tí a kọ èdè Árámù sí lára. Níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tó ní gbòǹgbò kan náà ń sọ nípa òrìṣà tó ń mú kí ilẹ̀ rin, kó sì lẹ́tù lójú. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ti ń rí ọ̀rinrin àti ọ̀pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ Sárà, pẹ̀lú adùn ara. Aṣọ gbígbẹ tó ti fàya, ṣé ó tún lè rin? Ohun tó ń bi ara rẹ̀ nìyẹn.

Bíbélì Yorùbá fi «ayọ̀» sí i. Ayọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. A ń yọ̀ nígbà ìdúpẹ́, a ń yọ̀ nígbà ìkórè. Sárà kò sọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn. Ọ̀rọ̀ ọkọ àti aya ló ń sọ, ó sì fi ọjọ́ orí ọkọ rẹ̀ parí rẹ̀ kó lè yé wa. Segond sọ «désirs», Bíbélì Jerúsálẹ́mù ti Faransé sọ «plaisir». «Adùn» ìbá ti ṣe é fún wa. A kò sọ pé kí a tú gbogbo rẹ̀ síta. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí. Ṣùgbọ́n «adùn» jẹ́ àbọ̀ ọ̀rọ̀, «ayọ̀» kò ju ìbòjú lọ. Kí a má sì dá àwọn baba wa lẹ́bi ju bó ti yẹ lọ: àwọn Júù tó kọ́kọ́ túmọ̀ ìwé Mósè sí Gíríìkì, ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́ta ṣáájú ìbí Kírísítì, kò mú adùn jáde rárá. Wọ́n ka ọ̀rọ̀ náà bí ẹni pé «títí di ìsinsìnyí» ló wà níbẹ̀.

Ìtàn náà fúnra rẹ̀ mọ ìtìjú, nítorí Ọlọ́run pàápàá kò tún ọ̀rọ̀ Sárà sọ bó ṣe sọ ọ́. Sárà ní ọkọ òun ti darúgbó. Nígbà tí Ọlọ́run ń ròyìn rẹ̀ fún Ábúráhámù, ó ní Sárà sọ pé òun, Sárà, ni òun ti darúgbó. Rashi, olùkọ́ ọmọ Júù tó gbé ní Troyes ní ilẹ̀ Faransé, tó kú ní 1105, ní nítorí àlàáfíà ilé ni. Ìyàwó ilé èyíkéyìí ní ìgbèríko wa yóò mọ ìdí rẹ̀ láìka Rashi. Ohun tó dùn wá ni pé nínú Bíbélì Yorùbá, Sárà lo «ogbólógbó» fún ara rẹ̀ àti fún ọkọ rẹ̀, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ kan náà ni, bẹ́ẹ̀ ni Hébérù pè é ní aṣọ gbígbó fún ara rẹ̀, tó sì pè é ní àgbà fún ọkọ rẹ̀. Ó bu ara rẹ̀ kù ju ọkọ lọ. Àwọn obìnrin wa mọ ìyàtọ̀ yẹn dáadáa.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a fẹ́ yà bà díẹ̀. Hébérù ní orúkọ fún ọmọ tí a bí ní ọjọ́ alẹ́: ọmọ «zĕqunîm». Ẹ̀ẹ̀mẹrin péré ló jáde, nínú Jẹ́nẹ́sísì nìkan, ẹ̀ẹ̀mejì fún Ísáákì, ẹ̀ẹ̀kan fún Jósẹ́fù, ẹ̀ẹ̀kan fún Bẹ́ńjámínì. Bíbélì Yorùbá pe Jósẹ́fù ní «ọmọ ogbó». Akẹ́kọ̀ọ́ wa kan, tó mọ «ɔ» àti «ɛ» tí a fi ń kọ́ èdè wa ní Bẹ̀nẹ̀, ṣùgbọ́n tí àmì ohùn tí kò pé nínú ìwé àtijọ́ ń dà láàmú, kà á síta pé «ọmọ ọgbọ́n». Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Àwa náà rẹ́rìn-ín, títí a fi rí i pé Onkelos, tó túmọ̀ ìwé Mósè sí èdè Árámù fún àwọn Júù, pe Jósẹ́fù ní ọmọ ọlọ́gbọ́n níbẹ̀ gan-an. A bẹ ọmọ náà pé kó má bínú.

Ẹ jẹ́ ká padà. Ìwàásù tó tẹ̀lé ìwé kíkà lọ́jọ́ náà kó gbogbo obìnrin tó pẹ́ kó tó bímọ pọ̀ sí ojú kan: Sárà, Rèbékà, Rákélì, ìyá Sámsónì, Hánà. A ń gbọ́ irú èyí nígbà gbogbo, kò sì tọ̀nà. Kò sí ibi tí ìwé Hébérù ti sọ pé Hánà tàbí Rákélì darúgbó. Sárà nìkan ni obìnrin tí ìwé náà ka ọjọ́ orí rẹ̀: 90 nígbà ìlérí, 127 nígbà ikú. Ohun tó pa púpọ̀ nínú wọn pọ̀ ni ọ̀rọ̀ «ʿăqārāh», tí a túmọ̀ sí «àgàn». Ẹni tó bá ti gbé ìgbèríko mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yìí ń ṣe nígbà tí a bá là á mọ́lẹ̀ láti orí pẹpẹ, tí àwọn kan láàrin ìjọ sì ń wo ẹsẹ̀ ara wọn. Ohun tí wọn kì í wàásù ni pé Hébérù ní takọ ọ̀rọ̀ náà. Diutarónómì 7, ẹsẹ 14, ṣèlérí pé kò ní sí «ʿāqār» tàbí «ʿăqārāh» láàrin wọn: akọ àti abo, pẹ̀lú ẹran ọ̀sìn wọn. «Àgàn» tiwa ti di ti obìnrin nìkan. Bí ọkọ bá ní ìṣòro, ìyàwó ló ń jẹ́ orúkọ náà fún un.

Ojúsàájú yìí wà nínú ìtàn Ábúráhámù náà. Òun náà ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ní orí 17, tó dojú bolẹ̀ tó ń bèèrè bóyá ẹni ọgọ́rùn-ún ọdún lè bímọ. Lẹ́yìn ikú Sárà, ó fẹ́ Kétúrà, ó sì bí ọmọkùnrin mẹ́fà sí i. Kò sí áńgẹ́lì tó wá kéde wọn, kò sì sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Bàbá arúgbó tó fẹ́ ìyàwó tuntun ní Ikpinlè tàbí ní Massè, ta ló ń bi í léèrè ọjọ́ orí rẹ̀ nígbà ìsọmọlórúkọ?

Èyí ló mú wa dé ìdájọ́. A gbà pé ẹ̀rín méjèèjì wà nínú «lî», àti pé ẹni tó kọ ọ́ fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Sárà ti rẹ́rìn-ín iyèméjì, ó ti sẹ́ ẹ, wọ́n sì ti dá a lóhùn pé ó rẹ́rìn-ín. Wọ́n sọ ọmọ náà ní Ísáákì, «ó ń rẹ́rìn-ín», orúkọ àbísọ gidi, bí Abíọ́nà àti Abíọ́dún ti jẹ́ láàrin wa. Irú ìyá bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé àwọn kan yóò bá òun yọ̀, àwọn kan yóò sì máa sọ̀rọ̀ lẹ́yìn òun. Àwa ará Kétu àti agbègbè rẹ̀ kò yẹ kó ṣàjèjì sí èyí. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tiwa ń fi ẹ̀fẹ̀ rín aláṣejù lóru, ó sì ń fi ijó bọlá fún àwọn ìyá àgbà, nínú ọdún kan náà, lójú àwọn ènìyàn kan náà.

Nítorí náà, Segond ya ọ̀rọ̀ náà sí ìdajì, Bíbélì Yorùbá sì mú ìdajì kejì. Bí a bá ní ká yan ọ̀kan, ti Yorùbá la ó mú, nítorí «pa mi lẹ́rìn-ín» tó ṣáájú rẹ̀ dùn létí ju gbogbo ohun tí Faransé ní lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kẹta wà, tí èdè wa gbà: «ẹni tó bá gbọ́ yóò rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ mi». Ẹni tó fẹ́ gbọ́ inú rere níbẹ̀ yóò gbọ́ ọ, ẹni tó bá sì mọ ará àdúgbò rẹ̀ yóò gbọ́ èkejì.

A gbé e lọ bá ìyá náà ní ọjọ́ ọjà. Ó ń gbọ́n ìyẹ̀fun kúrò lára ọmọ rẹ̀. Ó ní kí a tún un sọ, a sì tún un sọ. Ó ní lọ́jọ́ tí wọ́n ń sọ ọmọ yìí lórúkọ, òun gbọ́ ẹ̀rín méjèèjì láti inú yàrá, òun sì mọ ohùn ẹni tó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ló bi wá bóyá a ó ra gaàrí.