Ọgbọ́n Tó Wà Nínú Àdìrẹ

Àdìrẹ ni mò ń ṣe ní Abẹ́òkúta, mo sì fẹ́ràn iṣẹ́ náà ju owó tí mò ń rí nídìí rẹ̀ lọ. Ohun tó wù mí jù nínú rẹ̀ ni bí ọgbọ́n ṣe máa ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn, tí yóò sì máa pọ̀ sí i.

Ẹ wo àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí à ń pè ní Ìbàdàndùn. Ní 1929 ni wọ́n ṣí Gbọ̀ngàn Mápó ní Ìbàdàn. Àwọn obìnrin aládìrẹ wo òpó rẹ̀, wọ́n ki ìyẹ́ adìẹ bọ ẹ̀kọ láfún, wọ́n sì ya àwọn òpó náà sára aṣọ funfun, wọ́n fi ṣíbí sáàárín wọn. Ọwọ́ ọ̀pọ̀ ìyá ni àpẹẹrẹ yẹn ti kọjá, kálukú sì fi tirẹ̀ kún un.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lónìí ní Ìtòkú, ọjà àdìrẹ wa ní Abẹ́òkúta. Tí mo bá gé fóòmù sí àpẹẹrẹ tuntun, tí mo tẹ̀ ẹ́ bọ àbẹ́là gbígbóná, tí mo fi lu aṣọ, tí aṣọ náà sì tà, kò ní pẹ́ tí ìyá tó múlé tì mí yóò fi gé irú rẹ̀. Inú máa ń bí àwọn kan. Inú kì í bí mi. Oníbàárà tó ti Èkó wá kò wá nítorí tèmi nìkan, ó wá nítorí ó mọ̀ pé òun á rí oríṣiríṣi lójú kan. Bí háídírọ́ọ̀sì tí à ń pò mọ́ aró bá sì tán lọ́wọ́ mi nígbà tí aró ti wà nílẹ̀, ọ̀dọ̀ ìyá yìí kan náà ni n ó sáré lọ. Ọmọ iṣẹ́ tó ṣe fírídọ̀ọ̀mù lọ́dọ̀ mi á gba ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, àmọ́ tó bá po àwọ̀ tuntun kan tó dáa, á gbé e wá: "Mà, ẹ bá mi wò ó." Mo ti kọ́ nǹkan púpọ̀ lọ́wọ́ àwọn tí mo kọ́ níṣẹ́.

Ohun kan wà tí a kò pín, òun ni aró èlú. Wọ́n á gún ewé èlú, wọ́n á ṣù ú, wọ́n á sá a. Wọ́n á sẹ́ omi eérú láti inú ìkòkò tó níhò nídìí, wọ́n á rẹ èlú sínú rẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà: ìyá àgbà á ti ìka bọ̀ ọ́, á tọ́ ọ wò, á gbọ́ òórùn rẹ̀, á sì mọ̀ bóyá ó ti jẹ. Aṣọ tó kọ́kọ́ jáde á rí bí ewé tútù, afẹ́fẹ́ á kàn án, á sì di aró lójú yín.

Inú agbo ilé ni wọ́n fi èyí pamọ́ sí. Nígbà tí aró òyìnbó àti kọ́sítíìkì dé, tí ẹnikẹ́ni lè pò ó kíákíá, Aláké Adémọ́lá Kejì fòfin de méjèèjì, àwọn aláró kò gbà, ọ̀rọ̀ náà sì di ti ìgbìmọ̀ ìwádìí ní 1936. Síbẹ̀, ìkòkò èlú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán. Lójú tèmi, àṣírí tí a ń pa mọ́ ló pa á ju kọ́sítíìkì lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bọ̀wọ̀ fún Olóyè Nike Ọ̀kúndayé, tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ ní Òṣogbo.

Ẹ má fi bí a ṣe ń kọ́ iṣẹ́ lára ara wa wé ti àwọn ilé iṣẹ́ òkèèrè tó ń fi ẹ̀rọ tẹ àpẹẹrẹ wa sórí aṣọ. Aládùúgbò mi mú, ó sì ń fún mi padà. Àwọn yẹn kàn ń mú ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń rà, ẹ yí ẹ̀yìn aṣọ wò kí ẹ tó sanwó. Aró máa ń là á já dé ẹ̀yìn, èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ sábà máa ń ṣá lẹ́yìn. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ṣì mọ bí aró èlú ṣe ń jẹ, ẹ dákun, ẹ pe àwọn ọmọ jọ nígbà tí ẹnu yín ṣì lè tọ́ ọ wò, kódà bí wọn kì í bá ṣe ọmọ ilé yín.