Iṣẹ́ Tó Tó Ojú Òpó Í Ní

Ojú òpó orí Facebook àti X (Twitter tẹ́lẹ̀) kò wọ́n láti ṣí. Bíbọ́ ọ ló le. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn láti máa wo ọwọ́ ẹni tó mọ ìgbà tó yẹ kí iṣẹ́ ní ojú òpó tirẹ̀ àti ìgbà tí kò yẹ. Ọwọ́ Kọ́lá Túbọ̀sún, òǹkọ̀wé àti onímọ̀ èdè Yorùbá, ni mo ń wò jù.

Lọ́dún 2009, nígbà tó lọ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yorùbá ní Southern Illinois University Edwardsville, ní Amẹ́ríkà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìrìnàjò rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó pè é ní KTravula. Ohùn ẹnì kan ni. Ẹ yọ Kọ́lá kúrò níbẹ̀, kò ku nǹkan kan. Lójú tèmi, irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò nílò ju ojú òpó ẹni tó ń kọ ọ́ lọ.

Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 2012. Twitter ń túmọ̀ ara rẹ̀ sí onírúurú èdè, Yorùbá kò sí níbẹ̀. Kọ́lá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá ké sí gbogbo ọmọ Yorùbá pé kí wọ́n fi ọjọ́ kan kọ èdè wọn síbẹ̀, kí wọ́n fi àmì #tweetYoruba sí i. Àmì yẹn gan-an ló wú mi lórí. Kò sí ẹni tó ni ín, kò ní ọ̀rọ̀ aṣínà. Ẹni tó bá ti tẹ̀ ẹ́ ti wọ inú iṣẹ́. Ká ní ojú òpó kan ni wọ́n ṣí, ẹnu kan làwọn èèyàn ì bá dúró máa wò, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ẹnu ló yẹ kí Twitter gbọ́.

Ṣùgbọ́n YorubaName, ìwé atúmọ̀ orúkọ Yorùbá tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó ojú òpó í ní. Láti ìgbà tí Kọ́lá ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá ní Yunifásítì Ìbàdàn ló ti ń rò ó. Ní 2015 ó ké sí aráyé láti dáwó, ní 2016 ó ṣí i. Ẹ mú Fáyẹmí, orúkọ tí gbogbo Èkìtì mọ̀ nítorí gómìnà wọn tẹ́lẹ̀ tó ti Ìsàn wá. Wọ́n máa ń tú irú orúkọ bẹ́ẹ̀ palẹ̀: ifá, yẹ, mí. Àmì ohùn wà lórí rẹ̀, ìtumọ̀ wà, àdúgbò tí wọ́n ti ń jẹ́ ẹ pẹ̀lú. Ẹnikẹ́ni lè fi orúkọ ránṣẹ́, àwọn olóòtú ní í yẹ̀ ẹ́ wò kó tó jáde. Wọ́n tilẹ̀ ṣe ohun èlò ìtẹ̀wé tó ń gbé àmì ohùn, wọ́n fún aráyé lọ́fẹ̀ẹ́.

Ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ wà. Bí ẹnìkan bá fẹ́ sọ pé, “Ní ìlú tiwa, a kì í pè é bẹ́ẹ̀,” ìwé ló fẹ́ bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe ọkùnrin kan tó lè wà lórí ìrìn, tàbí tó ń bá ẹlòmíràn jiyàn òṣèlú lọ́jọ́ yẹn. Orúkọ sì ń bẹ lọ́pọ̀ yanturu: bí Kọ́lá bá dákẹ́ fún oṣù kan, ìwé náà ṣì ní orúkọ láti gbé jáde lójoojúmọ́. Mo ka ìyẹn sí ìdánwò tó ju gbogbo rẹ̀ lọ, ju iye èèyàn tó ń tẹ̀lé ọ lọ fíìfíì.

Nítorí náà, bí ọmọ Ọ̀tùn Èkìtì kan bá fẹ́ kó orúkọ agbègbè wa, Mọ̀bà, jọ, láàárín àwa tí a ń pe ilé ní ulé, tí a bá Kwara pààlà, n kò ní gbà á níyànjú láti kọ́kọ́ ṣí ojú òpó. Kó lọ jókòó ti àwọn àgbà, kó kọ orúkọ wọn sílẹ̀ pẹ̀lú àmì, kó béèrè ẹni tó sọ ọ́ àti ìdí tí wọ́n fi sọ ọ́. Kó fi wọ́n ránṣẹ́ sí YorubaName, kó sì kọ Èkìtì síbi tí wọ́n ti ń béèrè àdúgbò. Tí orúkọ náà bá pọ̀ débi pé àwọn ará Ìkún àti Ọ̀sùn, àwọn ìlú Mọ̀bà mìíràn, ń bá a jiyàn lórí wọn lójoojúmọ́, kó ṣí ojú òpó nígbà náà, kó sì wá ẹnì kejì tí yóò mọ ọ̀rọ̀ aṣínà.