Ipò Ilé-Ìkàwé Nínú Òfin Òmìnira Ìwífún: Àríwísí Láti Ojú-Ìwòye Ará Odò-Orò

Ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 2011 ni Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí Òfin Òmìnira Ìwífún ilẹ̀ Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 4 oṣù keje ọdún kan náà, Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí fọwọ́ sí ti Ìpínlẹ̀ Èkìtì, Èkìtì sì di ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ tí ó sọ òfin náà di tirẹ̀. Ohun-ìjà akọ̀ròyìn àti agbẹjọ́rò ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ka òfin yìí sí. Ohun tí ó jẹ àríwísí yìí lógún ni bí ìwé tí ìjọba gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ Odò-Orò, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìkọ̀lé, tí ó fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀nà ìlú rẹ̀ wà nínú ètò ìṣúná ọdún.

Abala kejì òfin náà pàṣẹ pé kí iléeṣẹ́ ìjọba fúnra rẹ̀ gbé ìwífún jáde láìdúró de ẹni tí yóò béèrè. Ó dárúkọ ìwé títẹ̀, ẹ̀rọ ìgbàlódé àti íntánẹ́ẹ̀tì gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà tí ìwífún lè gbà dé ọ̀dọ̀ ará ìlú. Èyí tí ó rọrùn jù lọ fún iléeṣẹ́ ni ó sábà máa ń borí. Nígbà tí Báńkì Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ètò SFTAS ní ọdún 2018, gbígbé ètò ìṣúná sórí íntánẹ́ẹ̀tì wà lára ohun tí ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe kí ó tó rí owó gbà. Lójú irú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀, ìwé ti di mímọ̀ ní kété tí ó bá ti gorí íntánẹ́ẹ̀tì.

Abala kẹta ni ó gbọ́n jù nínú òfin náà. Ó gbà pé ẹni tí kò mọ̀wé lè rán ẹlòmíràn láti béèrè ìwífún fún un. Bí ẹnìkan bá sì fẹnu béèrè, òṣìṣẹ́ ìjọba gbọ́dọ̀ kọ ìbéèrè náà sílẹ̀. Àwọn àgbà ní abéèrè kì í ṣìnà, ó sì jọ pé àwọn aṣòfin gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ní àgbọ́yé. Àánú yìí kò dé orí ìwé tí ó ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí ó fẹnu béèrè ní Adó-Èkìtì yóò rí akọ̀wé. Ẹni tí ó wà ní Odò-Orò, tí ètò ìṣúná wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì de tirẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, kò ní ẹnikẹ́ni.

Ilé-ìkàwé ni ó yẹ kí ó dúró sí àlàfo yìí. Abala 26 dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n láti yọ ọ́ sílẹ̀ ni: òfin náà kò kan ohun tí ilé-ìkàwé kó pamọ́ fún kíkà gbogbo ènìyàn. Ó tọ́ kí a ṣe ìdájọ́ òdodo fún àwọn aṣòfin. Èrò wọn ni pé ohun tí ó ti wà ní gbangba kò nílò ìwé ẹ̀bẹ̀. Àṣìṣe ibẹ̀ ni pé wọ́n gbà pé ilé-ìkàwé ti kún, ó sì ti ṣí sílẹ̀, láìfi iṣẹ́ kíkún un lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Òfin Ilé-Ìkàwé Orílẹ̀-Èdè ti ọdún 1970 kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kan ìjọba àpapọ̀ nípá láti kó ẹ̀dà 25 ìwé tí ó bá tẹ̀ jáde wá, ó sì béèrè ẹ̀dà 10 lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀. Ìwé títẹ̀ ni òfin náà ní lọ́kàn. Bí ìwé bá ti di ti íntánẹ́ẹ̀tì, kò sí ẹ̀dà tí ẹnikẹ́ni yóò gbé wá mọ́, bí wọ́n bá sì yọ ojú-ewé náà kúrò, ó lè jẹ́ pé ó lọ nìyẹn. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1895 ti fi ẹsẹ̀ ètò pínpín ìwé ìjọba fún àwọn ilé-ìkàwé múlẹ̀ ṣinṣin. Nígbà tí òfin ọdún 1993 gbé ìwé ìjọba wọn sórí kọ̀ǹpútà, ó fún àwọn ilé-ìkàwé wọ̀nyí ní ẹ̀tọ́ láti lò ó lọ́fẹ̀ẹ́.

Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 2025, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Nàìjíríà dájọ́ pé òfin ọdún 2011 de gbogbo ìpínlẹ̀. Ìdájọ́ náà yanjú ìjà agbára. Kò gbé ìwé kankan sún mọ́ Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ tàbí Ìdó. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkìtì lágbára láti fi abala kan kún òfin tirẹ̀, tí yóò sọ ilé-ìkàwé kan ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan di ibi tí ẹ̀dà ìwé ìjọba gbọ́dọ̀ dé, ní títẹ̀ àti lórí kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú òṣìṣẹ́ tí yóò máa kà á fún ẹni tí ó bá béèrè. Ti èdè pàápàá kò ṣòro: abala 97 nínú Òfin Orílẹ̀-Èdè ti ọdún 1999 fún Ilé náà láàyè láti fi èdè ìpínlẹ̀ ṣe iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì. Ojú-ewé ètò ìṣúná tí ó kan ìjọba ìbílẹ̀ Ìkọ̀lé nìkan, bí wọ́n bá tú u sí Yorùbá, kò ní pọ̀ ju ohun tí òṣìṣẹ́ kan lè kà tán ní ọ̀sán ọjọ́ kan.