Òpó Tí Kò Ru Nǹkan: Lámèyítọ́ lórí Kọnkéré Onífọ́nrán Gíláàsì

Ní Alákìá àti àwọn àdúgbò tuntun tó yí i ká ní ìjọba ìbílẹ̀ Ẹ̀gbẹ́dá, ní Ìbàdàn, iwájú ilé ti di ibi ìdíje. Òpó rìbìtì gíga á dúró lẹ́nu ọ̀nà, orí rẹ̀ á yọ ewé bíi ti tẹ́ḿpìlì àwọn ará Gíríìkì àtijọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òpó wọ̀nyí kò ru nǹkan kan. Sìmẹ́ńtì tí wọ́n dà sínú mọ́ọ̀dù ni àwọn kan. Fóòmù tí wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì fáíbà àti sìmẹ́ńtì bò ni àwọn mìíràn. Ní Èkó àti Àbújá, àwọn iléeṣẹ́ ti ń fi kọnkéré onífọ́nrán gíláàsì, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní GRC tàbí GFRC, ṣe irú ọ̀ṣọ́ kan náà. Èrò mi ni pé àléébù kò sí lára ohun èlò náà tó bó ṣe wà lára àwòrán tí a ń fi í yà. Ọwọ́ wa ti tẹ ohun tó lè tín-ín-rín kó sì le, síbẹ̀ ohun tó ki pọ́pọ́ la ń fi í díbọ́n.

Kọnkéré lásán lè gba ẹrù tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n bí nǹkan bá fà á, á sán. Ìdí nìyí tí a fi ń ki irin bọ inú rẹ̀. Irin náà ò gbọdọ̀ sún mọ́ òde: bí ọ̀rinrin bá kàn án, á dípẹtà, ìpẹtà á wú, kọnkéré á sì bẹ́ láti inú wá. Fọ́nrán gíláàsì kì í dípẹtà. Oníṣẹ́ á fi ìbọn afẹ́fẹ́ gé e ní nǹkan bíi mílímítà 25 sí 40, á fọ́n òun àti àpòpọ̀ sìmẹ́ńtì àti yanrìn kíkúnná papọ̀ sínú mọ́ọ̀dù, á sì fi rólà tẹ̀ ẹ́ kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè jáde. Nínú ìwọ̀n kìlógíráàmù 100 àpòpọ̀ náà, fọ́nrán kì í ju nǹkan bíi 5 lọ. Awẹ́ ògiri tó bá jáde lè má nípọn ju mílímítà 10 sí 15 lọ, ó sì lè gba ìrísí yòówù tí mọ́ọ̀dù bá ní.

Ọ̀ṣọ́ sìmẹ́ńtì kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn Àgùdà tó ti Bùràsíìlì bọ̀ ló gbé e dé Èkó. Mọ́sálásí Shitta-Bey, tí João Baptista da Costa kọ́, tí wọ́n sì ṣí ní ọdún 1894, jẹ́ ẹ̀rí tó ṣì dúró. Nígbà tí owó kòkó dé, àṣà ọ̀hún wọ Ìbàdàn àti àwọn ìlú àárín ilẹ̀. Láàárín irú àwọn oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni Adébísí Àkànjí, bíríkìlà ní Òṣogbo, ti jáde. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Ulli Beier, òǹkọ̀wé ará Jámánì tó ń gbé Òṣogbo, pe àwọn bíríkìlà sí ìdíje pé kí wọ́n fi sìmẹ́ńtì mọ kìnnìún irú èyí tó ń jókòó sórí ilé Àgùdà. Adébísí kò dúró sórí kìnnìún. Ó tẹ irin di ènìyàn, ẹṣin àti ẹyẹ, ó fi sìmẹ́ńtì bò wọ́n, ó sì fi àyè sílẹ̀ láàárín wọn. Ohun tó ṣe di ògiri oníhò, tí ìmọ́lẹ̀ àti atẹ́gùn ń gbà kọjá. Lẹ́yìn náà ló bá Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà ará Austria, ṣiṣẹ́ nínú igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO fi sí ara ogún àgbáyé ní ọdún 2005.

Ohun tó gbé iṣẹ́ Adébísí ga ni pé kò purọ́ nípa ohun tí a fi ṣe é. Kò ṣe bí òkúta, kò ṣe bí igi. Irin tó tẹ̀, sìmẹ́ńtì tó lẹ̀ mọ́ ọn, ìyẹn náà ni ẹwà rẹ̀. Ibi tí ó kù sí ni irin yẹn gan-an: awọ sìmẹ́ńtì tó tín-ín-rín kò lè dáàbò bò ó títí lọ́wọ́ òjò. Àìlera yìí ni fọ́nrán gíláàsì ìbá wá wòsàn. Ó ṣeni láàánú pé nígbà tó dé, òpó Gíríìkì la gbé fún un ṣe.

Ẹnìkan lè ní àfarawé náà ni kìnnìún Àgùdà, àti pé òpó oníhò inú fúyẹ́, kò ni ìpìlẹ̀ lára, ènìyàn méjì sì lè gbé e gòkè. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òpó ilé Àgùdà ru ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì fún onílé ní ibòji. Àfarawé tó ń ṣiṣẹ́ ni. Òpó Alákìá kò fún ẹnikẹ́ni ní ibòji. Orúkọ olówó nìkan ló rù.

Ewu mìíràn wà tí ojú kò rí. Sìmẹ́ńtì a máa jẹ gíláàsì lásán run díẹ̀díẹ̀. Ìwádìí A. J. Majumdar ní Ìlú Ọba ní ìparí àwọn ọdún 1960 ló fi hàn pé gíláàsì tó ní zirconia lè fara dà á, iléeṣẹ́ Pilkington sì gbé irú rẹ̀ jáde lọ́jà láti ọdún 1971. Síbẹ̀ náà, ọjọ́ orí ń dín agbára rẹ̀ kù, ooru àti ọ̀rinrin sì ń mú kí ó yá: omi gbígbóná ni àwọn onímọ̀ máa ń rì í sí bí wọ́n bá fẹ́ mọ bí yóò ṣe gbó. Ojú ọjọ́ Ìbàdàn ní méjèèjì. Oníṣẹ́ tó bá ra fáíbà àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi nítorí owó pọ́ọ́kú ń ta ògiri tí yóò ya kí gbèsè ilé tó tán.

Ní Baku, olú ìlú Azerbaijan, ayàwòrán ilé Zaha Hadid fi awẹ́ kọnkéré yìí bo apá kan ilé àṣà Heydar Aliyev, tí wọ́n ṣí ní ọdún 2012, débi tí ògiri fi ń yí di òrùlé. Kì í ṣe pé kí a gbé Baku wá sí Ẹ̀gbẹ́dá. Ayàwòrán ilé Demas Nwoko ti fi hàn wá nítòsí pé a lè dá ìrísí tiwa: ilé ìsìn Dominican tó kọ́ ní Ìbàdàn kò yá ìrísí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àfihàn Biennale ti Venice sì fún Nwoko ní ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà ní ọdún 2023. Iṣẹ́ tó tọ́ sí kọnkéré onífọ́nrán gíláàsì lọ́dọ̀ wa ni ògiri oníhò tó ń gbé oòrùn dúró níta tó sì ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé, àti ìbòjú fèrèsé tó tín-ín-rín tí kò ní irin tí yóò pẹtà. Bíríkìlà tó bá gbà á bẹ́ẹ̀ yóò máa bá iṣẹ́ Adébísí lọ. Èyí tó bá ń gbẹ́ orí òpó ewé kò tíì bẹ̀rẹ̀.