Fọ́tò Dúdú àti Funfun: Ọwọ́ Ta Ló Wà Nínú Rẹ̀?

Nínú pálọ̀ àwọn àgbà ní Ìjerò, Àrámọkọ àti Ẹ̀fọ̀n Aláayè, ẹ óò rí i lára ògiri: bàbá tó jókòó, agbádá bolẹ̀, ọwọ́ méjèèjì lórí orúnkún, ó tẹjú mọ́ ẹni tó ń wò ó. Kò rẹ́rìn-ín. Àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí fẹ́ràn irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ débi pé wọ́n ń fi fóònù bọ́ àwọ̀ kúrò lára tiwọn. Wọ́n ní ó jọ ti àtijọ́. Àlàyé yẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn rárá.

Stephen Sprague, òyìnbó Amẹ́ríkà tó mọ fọ́tò yíyà, ṣe ìwádìí ní Ìlá Ọ̀ràngún, tí kò jìnnà sí wa, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde nínú African Arts ní 1978. Ọ̀rọ̀ ìbejì inú rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Bí ọ̀kan bá kú kí wọ́n tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, ayàwòrán á ya èyí tó kù, á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan ṣoṣo, bíi pé wọ́n jókòó ti ara wọn. Bó bá jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin ni wọ́n, wọ́n á wọ aṣọ ọkùnrin fún ọmọ náà, wọ́n á yà á, wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀ sí ti obìnrin, wọ́n á tún un yà.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ wo ohun tí iṣẹ́ yìí gbà. Inú yàrá òkùnkùn ni ayàwòrán á ti bo ìdajì bébà, á tan iná sí ìdajì kejì, á wá yí i padà, kí ojú ìpàdé wọn má bàa hàn. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fọ fíìmù, òun ló ń tẹ̀ ẹ́, òun ló ń pinnu bí ojú èèyàn ṣe máa dúdú tó. Nígbà tí fíìmù aláwọ̀ dé, ẹ̀rọ ìlú ńlá gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ku kó máa tẹ bọ́tìnnì, kó máa fi fíìmù rán awakọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ yẹn ló ń fà wá lójú, kì í ṣe ogbó fọ́tò.

Ojeikere (1930–2014) ń kọ́, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun dídì àti irun kíkó ní 1968? Nínú púpọ̀ wọn, ìpàkọ́ nìkan la rí. Ká ní àwọ̀ wà níbẹ̀ ni, aṣọ lojú ì bá kọ́kọ́ lọ bá. Láìsí i, à ń rí òwú, ìlà orí àti dídán ìpàkọ́, bí ẹni ń wo òpó tí Àgbọnbíọfẹ gbẹ́ sí ààfin Ẹ̀fọ̀n. Iṣẹ́ ńlá ni. Síbẹ̀, fọ́tò pálọ̀ ni màá mú. Ojeikere ló yan ohun tó wù ú. Bàbá ara ògiri ló yan bí òun ṣe máa jókòó.

Ní báyìí, àwọn ọmọ ń gbé fọ́tò bàbá wọn fún ẹ̀rọ kó fi àwọ̀ kùn ún fún bánà ìsìnkú. Àbí báwo lẹ̀rọ ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá ẹtù ni agbádá yẹn tàbí àlàárì? Dúdú làwọn méjèèjì máa ń rí nínú fọ́tò. Ìyá àgbà tó mọ̀ ọ́n ṣì wà nínú ilé kan tàbí òmíràn. Ẹ bi í, kí ẹ fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́tò náà.