Ta, Ti-ti Létí Òkun Ìlàjẹ

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti kọ ọ́ sínú ìwé rí ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pé ohun èlò ọ́kẹ́sírà pín sí mẹ́rin: olókùn, fèrè onígi, fèrè onídẹ, àti ohun lílù. A há a sórí, a yege, ó parí síbẹ̀. Ta ló gbọ́ ohùn oboe nínú wa? Àwòrán rẹ̀ la rí.

Tí ẹ bá wá gbé irú ẹ̀kọ́ yìí lọ sí Ayétòrò tàbí Ugbónlà, létí òkun Ìlàjẹ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, àbùkù rẹ̀ á túbọ̀ hàn. Ọmọ ibẹ̀ kì í ṣe aláìmọ̀kan. Ó ti gbọ́ bìrípo, orin àti ijó àwọn Ìlàjẹ. Ó mọ̀ pé tí ẹni méjì bá jọ ń wa ọkọ̀, àjẹ̀ wọn gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu. Kí wá ni olùkọ́ fẹ́ fi kọ́ ọ bí ìlù ṣe ń rìn?

"Ta, ti-ti" ni tòde òní. Ta kan gùn. Ti-ti jẹ́ kúkúrú méjì tó jọ gba àyè ta kan. Ọ̀nà tí wọ́n ń fi orúkọ Zoltán Kodály (1882–1967), ará Hungary, pè ló sọ ọ́ di gbajúmọ̀. Kò burú o. Àwọn onílù wa náà máa ń fẹnu pe ìlù kí ọwọ́ tó lù ú. Ṣùgbọ́n Kodály fúnra rẹ̀ ní orin ìbílẹ̀ ọmọ, ní èdè abínibí rẹ̀, ni kí a kọ́kọ́ fi kọ́ ọ. Òun àti Béla Bartók ló ń káàkiri abúlé Hungary tí wọ́n ń kó orin jọ. Àwa mú ta, ti-ti rẹ̀, a fi ìyẹn sílẹ̀.

Ta, ti-ti gan-an sì níbi tó ti ń kọsẹ̀. Ìlù agogo kan wà tó wọ́pọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà: ẹ̀ẹ̀meje ni wọ́n ń lu agogo nínú ìṣísẹ̀ 12, àlàfo wọn sì jẹ́ 2, 2, 1, 2, 2, 2, 1. Ẹ pàtẹ́wọ́ rẹ̀ wò. Ẹni tó bá fẹ́ fi ta, ti-ti kà á, ahọ́n rẹ̀ á lọ́. Ọmọ tó ti ń jó o ò ka nǹkan kan.

Ní 1946, wọ́n gbé fíìmù kan jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti fi ọ́kẹ́sírà han àwọn ọmọ ilé-ìwé. Benjamin Britten ló ṣe orin rẹ̀, The Young Person's Guide to the Orchestra. Ẹ wá a lórí YouTube. Ó dùn, a ò ní purọ́. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé orin Henry Purcell, ará ilẹ̀ rẹ̀ tó kú ní 1695, ló fi ṣe ìpìlẹ̀: ogún ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ló fi mú àjèjì ohun èlò wọlé. Ohun tí kò bá etí wa mu ni ètò rẹ̀. Fèrè onígi ló ṣáájú, okùn tẹ̀lé e, idẹ tẹ̀lé e, ohun lílù ló gbẹ́yìn. Níbo ni wọ́n ti ń fi ìlù gbẹ́yìn nílẹ̀ wa?

Ẹnì kan á ní orin wa kò bá ọ́kẹ́sírà lọ. Kí wá ni Fẹlá Ṣówándé ṣe ní 1944, nígbà tó kọ African Suite fún ohun èlò olókùn?

Ní ti Ìlàjẹ, a ò tiẹ̀ ní láti lọ jìnnà. Ìjọ Kérúbù àti Séráfù fẹsẹ̀ múlẹ̀ létí omi yẹn. Àwọn onígbàgbọ́ Aládùúrà ló tẹ Ayétòrò dó ní 1947. Trumpet àti saxophone kì í ṣe àlejò nínú irú ṣọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí agogo àti bìrípo, kí ẹ ké sí afọntrumpet ṣọ́ọ̀ṣì wá sí kíláàsì, kí ó fọn orin táwọn ọmọ mọ̀. Fáólìn lè tẹ̀lé e láti orí fóònù.

Òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé lọ ní Ayétòrò, àwọn ẹbí sì ń kó kúrò. Ọmọ tó bá wọ ilé-ìwé tuntun ní Ìgbókọ̀dá tàbí l'Ékòó, orin tó wà lára rẹ̀ ló gbé dání. Kí ni olùkọ́ orin ibẹ̀ máa kọ́kọ́ bi í: "Oríṣi ohun èlò mélòó ló wà?" àbí "Orin wo lẹ ń kọ nílé?"