Ẹ Yé Bú Alumíníọ̀mù

Ní Ọ̀fà, kẹ̀kẹ́ gidi lójú àwọn àgbà ni Raleigh: irin ni gbogbo ara rẹ̀, ó wúwo, ó ń gbé iṣu, ó ń gbé èèyàn. Gbé kẹ̀kẹ́ tó fúyẹ́ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, á fi èékánná ta férémù rẹ̀, á ní: "Alumíníọ̀mù nìyí. Ṣé ìkòkò lo fẹ́ máa gùn ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn pa mí lẹ́rìn-ín, àmọ́ mi ò gbà á.

Wọ́n ti bú u níbòmíràn náà. Lọ́dún 1972, Alan ti ilẹ̀ Ítálì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe férémù alumíníọ̀mù tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀. Vitus 979 ti ilẹ̀ Faransé dé lọ́dún 1979. Wọ́n fúyẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn kan ní ó ń fì bí ọparun. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, orí Vitus ni Sean Kelly, ọmọ Ireland, wà tó fi ń na àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ láwọn ọdún 1980.

Ní Amẹ́ríkà, Gary Klein, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní MIT, lo páìpù tó sanra. Cannondale gbé tirẹ̀ jáde lọ́dún 1983. Ni èébú bá yí padà: alumíníọ̀mù le jù, ó ń gbo egungun èèyàn!

Ẹ gbà mí o, ṣé ohun kan náà ló rọ̀ jù tó tún le jù?

Ìwúwo alumíníọ̀mù kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ti irin lọ. Líle rẹ̀ náà, bákan náà. Alan àti Vitus lo páìpù tín-ínrín bíi ti irin, ó di dandan kó fì. Ṣùgbọ́n tí páìpù bá fẹ̀ ní ìlọ́po méjì, tí ara rẹ̀ ò nípọn sí i, ìwúwo rẹ̀ á di ìlọ́po méjì, líle rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́jọ.

Ẹ̀sùn kan ṣoṣo ni mo gbà. Tí ẹrù ò bá kọjá ìwọ̀n kan, irin ò ní rẹ̀ láéláé. Alumíníọ̀mù ń rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bó ti wù kí ẹrù kéré tó. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra tòkunbọ̀, ẹ wo ojú ibi tí páìpù ti pàdé dáadáa. Tó bá ti sán, ẹ fi sílẹ̀. Tí kò bá sán, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi orúkọ lásán lé yín sá.

Bí ìkòkò bá wọ́, amọ̀kòkò là ń bi, a kì í bi amọ̀.